Alásè Kan àti Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun

Ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Bwari, okùn aṣọ mẹ́rin ló gba àgbàlá kọjá. Alágbàfọ̀ ló ni wọ́n. Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà wà nílùú náà, nítorí náà ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fọ̀, ti àwọn ọmọ tó fẹ́ di lọ́yà, funfun báláú. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún péré ló wà láàárín okùn tó kẹ́yìn àti ààrò Màmá Alásè. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Igi sì ni màmá yìí fi ń se ìrẹsì, ọbẹ̀ àti àmàlà, láti ìdájí títí di ọ̀sán, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ á máa retí ìjà. Èmi náà retí rẹ̀. Ó di ọdún kejì báyìí tí mo ti ń ra oúnjẹ níbẹ̀, tí mò ń jókòó lórí bẹ́ńṣì ju bó ti yẹ lọ, mi ò tíì gbọ́ kí alágbàfọ̀ sọ pé, "Màmá, ẹ wo ohun tí ẹ fi aṣọ mi ṣe." Ọmọ Okun ni, ará Kàbbà, ọmọ Ṣakí ni màmá. Owó omi ni wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ pariwo mọ́ra wọn.

Èéfín wà níbẹ̀ o. Iná igi tí kì í rú èéfín rárá, ẹnu àwọn tó ń ta nǹkan nìkan ló wà. Ṣùgbọ́n èéfín tirẹ̀ tín-ín-rín bí òwú tí ìyá àgbà ń ran, kí ó sì tó ga dé orí páànù ó ti pòórá. Ìrẹsì rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń yìn. Èmi, iná rẹ̀ ni mo fẹ́ yìn.

Iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí igi tó dé ẹnu ààrò. Àwọn obìnrin Gbagyi, àwọn onílẹ̀ agbègbè náà, ni wọ́n máa ń ru igi wá. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, wọn kì í gbé e sórí, torí wọ́n gbà pé orí ti níyì ju ohun tí èèyàn ń di ẹrù lé lọ. (Àwa Yorùbá tí à ń bọ orí, tí a tún ń fi orí kan náà ru omi, kí la fẹ́ fi dá wọn lóhùn?) Etí ni màmá fi ń ra igi. Á mú ẹyọ méjì, á gbá wọn mọ́ra. Bó bá dún ko-ko, ó ti sanwó. Bó bá dún bù, bí ìgbà tí èèyàn gbá ẹran lójú pátákó, á rọra dá a padà. Á wo ìdí igi bóyá ó ti sán. Á gbé e lọ́wọ́, á fi wé òmíràn tó tóbi tó o. "Omi ni eléyìí fẹ́ tà fún mi lówó igi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Kò parọ́. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ lè jẹ́ omi. Èyí tó yẹ iná, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Títí omi yẹn yóò fi hó tán, òun ni yóò máa jẹ ooru tó yẹ kó wọ inú ìkòkò, iná kò ní gbóná, èéfín á sì máa rú. Nítorí náà ni màmá ṣe to igi tirẹ̀ sábẹ́ páànù, tó fi búlọ́ọ̀kù gbé e kúrò nílẹ̀, tó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ máa rí ọ̀nà gbà. Igi tó bá wọlé nígbà ọ̀yẹ́ ló ń pa mọ́ de òjò. Ní oṣù Kẹsàn-án, tí ọ̀pọ̀ ààrò ní Bwari ti di ibi ẹkún, igi oṣù Kejì ló fi ń dáná.

Àyìn ni ààyò rẹ̀. Ẹni tó bá ti run orin àyìn rí mọ bó ṣe le tó lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ló le nínú iná, ó ń jó pẹ́, ẹyin iná rẹ̀ kì í tètè di eérú. Ó ń gba igi ẹ̀mí náà. Melína, ẹlẹ́tàn ló pè é: ó ń jó bí ìwé, kò pẹ́ ó ti kú, o tún ń wá igi mìíràn kì bọ̀ ọ́, gbogbo ìgbà tí igi tuntun bá sì wọlé ni èéfín ń dìde. Pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà, bí káfíńtà bá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní gbà á. Ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ko iná lọ́jọ́ kan. Màmá ní kó kó gbogbo igi náà jáde, kó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò bínú, kò gbóhùn sókè. Ó kàn dúró tì í títí ó fi parí.

Lẹ́yìn náà ni ó ń la igi. Èyí tó nípọn jù nínú wọn kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Igi wọ́rọ́kọ́ tí òwe ní ó ń da iná rú, ó ń yọ ọ́ sọ́tọ̀. Mo ti ń pa òwe yẹn látìgbà tí mo ti gbọ́n, ìdí ààrò yìí ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná ni lóòótọ́: igi tó bá tẹ̀ ń ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, àlàfo àárín wọn á pọ̀ jù, wọn kò ní lè máa ya ara wọn ní ooru, kálukú á wá máa rú èéfín tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo jí lọ wò ó lọ́jọ́ kan, aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ohun tí mò ń retí ni bí wọ́n ṣe ń dáná nílé wa: ìṣẹ́pẹ́ nísàlẹ̀, igi lórí, kẹrosíìnì, ìṣáná, abẹ̀bẹ̀, ikọ́, omijé. Màmá to èyí tó nípọn sísàlẹ̀, ó to tẹ́ẹ́rẹ́ lé e, ó wá fi ìṣẹ́pẹ́ àti háhá àgbàdo gbígbẹ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Orí yẹn ló ṣá iná sí. Iná náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ ò dá a sí ìdí?"

"Ọmọ mi, bí mo bá dá a sí ìdí, ta ni yóò jó èéfín tó ń gòkè?"

Ìdáhùn yẹn gbé odindi ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì dání. Bí ooru bá mú igi, gáàsì ló ń tú jáde lára rẹ̀, gáàsì yẹn ló sì ń jó tí a fi ń rí ọwọ́ iná. Bó bá bá afẹ́fẹ́ tó tó àti ibi tó gbóná dáadáa pàdé, á jó tán pátápátá. Bí kò bá bá wọn pàdé, òun náà ni yóò di èéfín. Igi tí a ti sanwó rẹ̀ tó wá sá lọ lójú wa ni. Bí iná bá wà nísàlẹ̀, gáàsì yẹn á gba àárín igi tútù tó wà lókè kọjá, á sì bọ́ síta láìjó. Bí iná bá wà lókè, kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà ju àárín iná lọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ohun tí màmá fi gbólóhùn kan sọ. Ní àwọn ọdún 1980, Larry Winiarski ní Amẹ́ríkà ṣe ààrò tí wọ́n ń pè ní rocket stove, tó ní ihò kékeré tí igi ń gbà wọlé, pèpéle kékeré lábẹ́ igi kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀, àti ọ̀nà òòró tí ooru kò ti lè sá, kí èéfín jó tán níbẹ̀ kó tó kan ìkòkò. Àwọn àgbá ìdáná tí àwọn olówó ń gbé sẹ́yìnkùlé wọn lókè òkun, ògiri méjì ni wọ́n ní: afẹ́fẹ́ á gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé, á máa gbóná bó ṣe ń gun àárín ògiri méjèèjì, á wá tú jáde nítòsí ẹnu àgbá láti jó èéfín tó fẹ́ sá. Màmá ní tirẹ̀ fi amọ̀ yí òkúta ààrò rẹ̀ ká, ó fi ẹnu kan sílẹ̀, ó sì fi ọ̀pá irin mẹ́rin tẹ́ sábẹ́ igi kí ó má bàa jókòó nínú eérú. Àràárọ̀ ló ń kó eérú. Ìkòkò rẹ̀ kì í kan igi rárá, torí ìdí ìkòkò tutù, bí ọwọ́ iná bá fara kàn án kó tó jó tán, á kú síbẹ̀, á sì lẹ̀ ẹ́ dúdú.

Ṣùgbọ́n amọ̀ àti irin, ẹnikẹ́ni lè rà wọ́n. Ohun tí kò ṣeé rà ni ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí iná bá ti mú. Ó ń ti igi síwájú díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì lẹ́ẹ̀kan, kì í rọ́ ọ wọlé. Kì í fi igi méjì sí i pọ̀. Bó bá fi ọ̀kan sí i, ojú rẹ̀ á lọ sí òkè, sí ibi tí èéfín ti ń jáde. Á dúró títí ibẹ̀ yóò fi mọ́, kó tó tún fọwọ́ kan òmíràn. Bí oníbàárà mẹ́wàá bá tò, bí wọ́n bá ń pariwo, kò ní yára. Ẹni tí ebi ń pa á fẹ́ rí iná ńlá. Màmá mọ̀ pé iná tí a kún ní igi lójijì, omi tútù la dà sí i lórí.

Mo ti rí sùúrù yẹn kà níbòmíràn, lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò. Agbègbè Bwari kò ṣàjèjì sí wọn: ilé iṣẹ́ ìkòkò wà ní Ushafa, Stephen Mhya sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Bwari gan-an. Ní Suleja tó wà nítòsí, nígbà tí Abuja ṣì ni orúkọ rẹ̀, ni Michael Cardew ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀, tí Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, wọlé sí ní 1954. Kí ó tó débẹ̀, ìta gbangba ni wọ́n ń sun ìkòkò nílé wọn, koríko gbígbẹ àti igi ni wọ́n fi ń bò ó. Nínú iná oníléru, ọ̀ràn yí padà. Amọ̀kòkò á ju igi sí i, èéfín dúdú á tú lẹ́nu símínì, á dúró títí yóò fi mọ́, á tún ju òmíràn. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ó fẹ́ kí èéfín wà: á dín afẹ́fẹ́ kù, iná tí ebi afẹ́fẹ́ ń pa á wá máa fa ọ́síjìn jáde lára dídán tó wà lójú ìkòkò, ìyẹn ló ń sọ irin inú rẹ̀ di àwọ̀ ewé tó tutù lójú. Ìmọ̀ kan náà ni, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń lé èéfín ló mọ bí a ṣe ń pè é.

Mo bi màmá léèrè nípa ìrẹsì pátí, tí wọ́n ní èéfín ló ń mú un dùn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bí èéfín bá ń mú ìrẹsì dùn, kí wọ́n lọ máa jẹ tiwọn lẹ́yìn ọkọ̀ tírélà."

Ó ní ìdí ìkòkò ni adùn yẹn ti ń wá. Bí ìrẹsì bá kù díẹ̀ kó jinná, ó ń yọ gbogbo igi, á dé ìkòkò pa, á fi í sílẹ̀ lórí ẹyin iná títí ìsàlẹ̀ yóò fi jó fẹ́rẹ́. Mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ tán. Igi ní òórùn kan tí ìrẹsì orí gáàsì kò lè ní láé. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ìrẹsì tí èéfín igi tútù bò rí, bí oògùn ló ṣe rí lẹ́nu.

Mi ò ní fi ìyìn yìí bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Èéfín tí a dín kù kì í ṣe èéfín tó tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 3.2 mílíọ̀nù ènìyàn ni afẹ́fẹ́ ìdáná tó bàjẹ́ nínú ilé pa ní 2020. Ìta ni màmá ti ń dáná, páànù orí rẹ̀ sì ga, ìyẹn ràn án lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ń wúkọ́ nígbà ọ̀yẹ́. Ẹyin iná pàápàá, tó mọ́ lójú tí kò ní òórùn, ń tú carbon monoxide jáde, tí ojú kì í rí, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Nígbà tí òtútù Bwari mú ní oṣù Kìíní, ọmọ ilé kan wá tọrọ ẹyin iná láti gbé wọ yàrá. Màmá fún un ní bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Bí ó bá fẹ́ kógbá wọlé, kì í da omi síná, torí omi ló ń sọ iná tó kú díẹ̀ di ìkùukùu tó burú jù lọ láàárín ọjọ́. Á fa igi jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ki orí wọn bọ garawa tó kún fún eérú. Iná wọn á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àjókù igi wọ̀nyẹn, tí orí wọn ti di èédú, gáàsì ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Bí iná bá tún kàn wọ́n, wọn kì í rú èéfín kan tó ní láárí. Nítorí náà, òkè ni ó ń tò wọ́n sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lábẹ́ háhá.

Ó ń tò wọ́n lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí alágbàfọ̀ fi dé pẹ̀lú bàsíà àkọ́kọ́. Ó kí màmá. Ó gbójú sókè wo sánmà bóyá òjò fẹ́ rọ̀, kò wo ẹ̀gbẹ́ ààrò rárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá ṣẹ́ẹ̀tì.