Ìbúra nínú Ṣaworoidẹ àti Ọ̀rọ̀ Parabe ní Ìlàjẹ

Nígbà tí Ṣaworoidẹ, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, di sinimá láti ọwọ́ Túndé Kèlání ní 1999, Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ìjọba ológun ni. Kò ṣòro fún òǹwòran láti rí àwọn apàṣẹwàá ilẹ̀ yìí nínú Lápitẹ́ àti Lágátà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àlàyé yẹn nìkan kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀dá ìtàn kan tún wà tó yẹ ní wíwò dáadáa, àwọn náà ni onígẹdú. Ipò wọn ló fi ibi tí eré náà lágbára dé hàn, àti ibi tó kù sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ní 1998, ni òṣùwọ̀n tó bá àyẹ̀wò yìí mu.

Láìmulẹ̀ ni Lápitẹ́ jọba Jogbo. Kò gba gbẹ́rẹ́, kò sì búra, nítorí ó mọ̀ pé ọba tó bá ìlú mulẹ̀ kò lè sọ ọrọ̀ ìlú di tara rẹ̀. Ibẹ̀ ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún onígẹdú. Wọ́n fowó di ọba àti ìjòyè lẹ́nu, wọ́n sì ń gé igbó Jogbo lulẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ yarí, Lápitẹ́ ké sí ológun. Lágátà tó ní òun wá gbèjà adé ló wá gba adé mọ́ ọn lórí. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Lórí òye yìí ni Ìṣọ̀lá gbé àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ kà: agbára tí ọba aláìmulẹ̀ yá onígẹdú ni onígẹdú ń lò.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún wọkọ̀ ojú omi lọ sí Parabe, ibùdó ìwapo ilé-iṣẹ́ Chevron lójú òkun. Ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn ipa omi tí ilé-iṣẹ́ náà gbẹ́ ti jẹ́ kí omi òkun wọ inú omi dídùn, tí ẹja ń kú, tí igi ń gbẹ, tí òkun sì ń jẹ ilẹ̀ wọn. Wọ́n ń béèrè àtúnṣe, wọ́n sì ń béèrè iṣẹ́. Ní ọjọ́ 28, àwọn sójà àti ọlọ́pàá kògbérégbè fi ẹlikópítà tí ilé-iṣẹ́ náà háyà dé ibẹ̀, wọ́n sì yìnbọn. Ọ̀dọ́ méjì kú, àwọn mìíràn gbọgbẹ́, àwọn kan sì dèrò àtìmọ́lé. Ilé-iṣẹ́ náà ní ńṣe ni wọ́n mú òṣìṣẹ́ òun nígbèkùn. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìfẹ̀hónúhàn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ni Ọ̀gágun Sani Abacha kú.

Ìjọra náà hàn kedere, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ní Jogbo, ìlù ìlú ló pa Lágátà. Kò sí ará ìlú mìíràn tó gbọ́ igbe Jogbo, kò sì sí ẹni tí Jogbo ké sí. Ní ti Ìlàjẹ, òde ni igbe gbà lọ. Ní oṣù Kìíní 1999, àjọ Human Rights Watch fi ọ̀rọ̀ Parabe sínú ìwé tó kọ nípa epo rọ̀bì àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà. Ní ọdún kan náà ni wọ́n pe ẹjọ́ sí San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ tó ń jẹ́ orúkọ Bowoto, ọ̀kan nínú àwọn tí ìbọn bà.

Ṣé etí òde wá ni oògùn ọ̀rọ̀ yìí? Rárá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995, ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ògóni mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kejì, Àjọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì dá Nàìjíríà dúró. Síbẹ̀, kò pé ọdún mẹ́ta tí ìbọn dún ní Parabe. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2008, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ Bowoto ní Chevron kò jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2010.

Àmọ́ kì í ṣe òtúbáńtẹ́ ni ìrìn àjò náà. Ìbúra tí Lápitẹ́ sá fún ní Jogbo ni ilé ẹjọ́ òkèèrè gbé ka iwájú tọ̀tún tòsì: ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ búra. Ọmọ Ìlàjẹ jẹ́rìí, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ jẹ́rìí, gbogbo rẹ̀ sì wọ àkọsílẹ̀. Ohun tí etí òde lè ṣe nìyẹn. Kò lè bá ọba onílé mulẹ̀ fún onílé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ kò gbà pé ikú Lágátà parí ọ̀rọ̀. Nínú Agogo Èèwọ̀, tó tẹ̀lé e ní 2002, orí ìbúra ló tún padà sí, àwọn ìjòyè ló sì kàn lọ́tẹ̀ yìí. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń dáhùn ìbéèrè lórí Ṣaworoidẹ, tó sì dúró síbi ikú apàṣẹwàá, ìdajì ìdáhùn ló kọ. Ìdajì kejì ni kí ó bi eré náà léèrè pé: lẹ́yìn tí ìlù dún tán, ta ló mú onígẹdú búra?