Ìwé tí Ìka Ń Kà

Ẹni tó ríran ló máa ń rò pé kí a kàn mú lẹ́tà tiwa yọ sókè lórí ìwé, kí afọ́jú lè fọwọ́ kà á. Èmi kò gbà. Valentin Haüy dán an wò ní Paris ní 1786. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó falẹ̀, kíkọ rẹ̀ sì nira fún wọn. Ojú ni a ṣe lẹ́tà náà fún. Charles Barbier lo kókó róbótó méjìlá, ó pọ̀ jù fún ìka. Louis Braille, tó fọ́jú láti kékeré, sọ ọ́ di mẹ́fà ní 1829, tí orí ìka kan lè bò lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbi tí ọ̀ràn ti kan Yorùbá, ẹ, ọ àti ṣ rí àmì odindi tiwọn gbà. Àmì ohùn ni ìjà wà. Kò sí orí lẹ́tà nínú ìwé Braille. Ààyè ọ̀tọ̀ ni àmì ohùn ń gbà, ìwé a sì gùn. Bí ẹnì kan bá torí èyí fẹ́ yọ ọ́, kó sọ fún mi bí ìka yóò ṣe mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti ọkọ́. Ojú a máa sáré wo ìparí gbólóhùn kó tó pe ọ̀rọ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ìka nìkan ni ìka mọ̀.