Àlàyé John Lions: Ohun tí Kóòdù Àtijọ́ Lè Kọ́ni

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì wá kí mi ní Àkúrẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó sì gbé ẹjọ́ olùkọ́ rẹ̀ wá. Ó ní wọ́n fẹ́ kí àwọn mọ bí ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kóòdù ọdún 1975 ni wọ́n fún àwọn kà, èyí tí a kọ fún ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe mọ́. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà a máa fi ohun tí ó ti gbó kọ́ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tẹ̀ jáde ní 1938.

Ìwé tí ó fa ẹjọ́ náà ni àlàyé tí John Lions, olùkọ́ ní Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà, ṣe lórí UNIX. Ken Thompson àti Dennis Ritchie ni ó pilẹ̀ UNIX ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pín agbára kọ̀ǹpútà fún gbogbo ohun tí a bá ní kí ó ṣe. Ní 1975 ni ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ bí ọmọ ènìyàn ti kọ wọ́n kí a tó yí wọn sí èdè ẹ̀rọ, kò tó ìlà 10,000. Láàrin 1976 àti 1977, Lions ṣe ìwé méjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: ọ̀kan to kóòdù náà sí apá márùn-ún, ó sì fi nọ́ńbà sí àwọn ìlà rẹ̀, èkejì ń tẹ̀ lé e, ó ń ṣàlàyé.

Èmi kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ojú lámèyítọ́ ni mo fi wo ìwé náà, tí ọmọkùnrin náà sì ń túmọ̀ ibi tí ó bá ṣókùnkùn fún mi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe àkíyèsí ni pé ó ní òpin. Linux tí ayé ń lò lónìí ti ju ìlà mílíọ̀nù 30 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kà á tán, àfi kí ó ka ẹ̀ka kan kí ó sì gba ìyókù gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní sùúrù lè ka iṣẹ́ Thompson àti Ritchie láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Ẹ̀rọ PDP-11/40 tí ìwé náà dá lé lórí kò lè ṣe ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa lò ó pọ̀. Bí alágbẹ̀dẹ tí irin mẹ́rin wà nínú iná rẹ̀ ni: ó lu ọkọ́ díẹ̀, ó dá a padà sínú iná, ó fa àdá yọ. Ó gbọ́dọ̀ rántí ibi tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Ojú ewé 22 ni UNIX ti ń ṣe ìrántí yìí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí ó kọ kóòdù náà ti sọ fún òǹkàwé, ní ìlà 2238, pé àwọn kò retí pé kí ó yé e.

Ọ̀pọ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí ìgbéraga. Nígbà tí ó yá, Ritchie ṣàlàyé pé ohun tí àwọn ní lọ́kàn ni pé kò ní jáde nínú ìdánwò. Ó sì jẹ́wọ́ pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò yé àwọn pàápàá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò tọ́. Ìṣe PDP-11 ni ó bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀, títí wọ́n fi gbé UNIX lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, Interdata. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Kóòdù tuntun ní àṣìṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ojú kò tíì rí. Ti àtijọ́, a ti rí àṣìṣe náà, a sì mọ ohun tí ó tú u fó.

Àwọn tí ó ni kóòdù náà pàápàá mọ iye tí ó tó. Nígbà tí ẹ̀dà keje jáde ní 1979, AT&T fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ fi kóòdù rẹ̀ kọ́ni ní kíláàsì. Wọ́n sọ ìmọ̀ di awo. Fọ́tókọ́pì ìwé Lions ni àwọn ènìyàn ń gbà lọ́wọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. 1996 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní gbangba, ọdún méjì ṣáájú ikú Lions. Nítorí òfin yẹn ni Andrew Tanenbaum fi kọ MINIX ní Amsterdam ní 1987 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orí MINIX sì ni Linus Torvalds wà ní Helsinki nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991.

Síbẹ̀, ìwé Lions ní àléébù. Ó gbà pé òǹkàwé ní ìwé ìtọ́sọ́nà PDP-11 lọ́wọ́. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ púpọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀, bí èyí tí ó wà nínú fóònù wa. Àkọtọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ti yàtọ̀: =+ ni wọ́n ń kọ níbi tí a ti ń kọ += lónìí. A yí i padà nítorí pé x=-1 a máa rúni lójú: ṣé kí á yọ ení kúrò nínú x ni, tàbí kí á sọ x di -1? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a mọ “aiye” àti “nwọn” kí àkọtọ́ 1974 tó sọ wọ́n di “ayé” àti “wọ́n”.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ìwé Lions kọ́ láti 2002, ṣe irú àròyé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́. Àwọn olùkọ́ wọn kò sọ ìwé náà nù. Ní 2006, wọ́n tún ètò náà kọ ní èdè C òde òní fún ẹ̀rọ òde òní, wọ́n sì pè é ní xv6. Bí a ṣe ń fi àkọtọ́ tuntun tún ìwé àtijọ́ tẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

Ní èrò tèmi, xv6 ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ kà, kí ó sì gbé àlàyé Lions sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní kìkì ohun tí ó dé lánàá, oníbàárà ni wọn yóò máa jẹ́ títí. Wọn yóò mọ bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀, wọn kò ní mọ ìdí tí ó fi ń dáhùn. Mo ní kí ọmọ náà padà sí ojú ewé 22, kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí àṣìṣe náà wà fún mi. Lẹ́yìn oṣù méjì ó dé. Kò ro ẹjọ́ olùkọ́ rẹ̀ mọ́. Bébà àti bírò ni ó béèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán.