Yíyan Ìwé Àwòrán tí ó Dá lé Ìlù àti Orin fún Wákàtí Ìtàn Ọmọdé

Bí a bá ń jíròrò lórí lítíréṣọ̀ alohùn ní ilé-ẹ̀kọ́, ìwé tí àgbà akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ṣe ìdánwò ni a máa ń yẹ̀ wò jù. Ìwé tí a ń kà sí etí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ kì í sábà kan lámèyítọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, èyí tí ó dá lé ìlù àti orin. Olùkọ́ tí a ní lọ́kàn ni èyí tí ó wà ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá, Akanran àti àwọn abúlé ẹ̀bá wọn, níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù kan lè jẹ́ gbogbo ilé ìkàwé.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn tipẹ́ pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àṣẹ ni àṣẹ. Bí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì bá ti di ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí ìtàn di ọ̀kan nínú àwọn àkókò díẹ̀ tí ọmọ yóò gbọ́ Yorùbá tí ó jíire lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ìwé yẹpẹrẹ ṣòfò rẹ̀.

Etí ni kí a kọ́kọ́ fi yẹ ìwé wò. Ìyáàlù dùndún àti gángan lè pe ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, nítorí pé onílù ń fún ọsán ara wọn, ó sì ń dẹ̀ ẹ́. Gúdúgúdú, olójú kan, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbe àwọn yòókù. Ìwé tí ó bá wá kọ "gbam, gbam" sí ẹ̀gbẹ́ ìyáàlù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti sọ ọ́ di páànù tí ọmọdé ń gbá. Òmíràn kọ ọ̀rọ̀ ìlù náà, ṣùgbọ́n kò fi àmì ohùn sí i. Olùkọ́ tí ó rí "igba" níbẹ̀, ṣé igbá ni yóò pè é, tàbí igba, ìgbà, tàbí igbà? Nínú ìtàn lásán, ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká lè tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́nu ìlù, ohùn ni gbogbo ohun tí a ní. Lójú tiwa, àbùkù yìí nìkan tó láti dá ìwé padà fún òǹtẹ̀wé, bí ó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dán tó.

Orin ńkọ́? Àlọ́ àpagbè ni òṣùwọ̀n wa. Ẹni tí ó bá ka Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní ọdún 1973 yóò rí i bí orin ti ń ti ìtàn síwájú, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ bí ìwé àwòrán. Kí lègbè inú ìwé àwòrán kúrú, kí ó máa padà wá ní oríta kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà lè gbè é nígbà kẹta. Ìwé tí ó to orin jọ sí ẹ̀yìn bí àfikún kò mọ ohun tí orin wà fún.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù náà. The Drum tí Chinua Achebe kọ ní ọdún 1977 fi Ìjàpá hàn pẹ̀lú ìlù tí ń pèsè oúnjẹ. Ọmọ oko kò ní ṣàìmọ ọ̀kánjúwà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn fún ìjókòó kan. Kí olùkọ́ pa á ní àlọ́, kí ó má túmọ̀ rẹ̀. The Distant Talking Drum (1995) ti Isaac Olaleye, tí Frané Lessac ya àwòrán rẹ̀, jẹ́ ewì nípa ìgbé-ayé abúlé Nàìjíríà. Àwọn àwòrán náà yóò dùn mọ́ ọmọ Lálúpọn nínú, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn tí ìlù orí èèpo ìwé náà yóò fi sọ̀rọ̀. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni Drum Dream Girl (2015) ti Margarita Engle, tí Rafael López ya àwòrán rẹ̀. Ó dá lé Millo Castro Zaldarriaga, ọmọbìnrin ará Kúbà tí ó lu ìlù nígbà tí wọ́n ní ọkùnrin nìkan ni ó ni ín. Kúbà ni bàtá bá àwọn ènìyàn wa dé ní ayé òwò ẹrú. Yàtọ̀ sí èyí, ìbéèrè inú ìwé náà wà ní agboolé àyàn tiwa: kí ni ìdí tí ọmọbìnrin kì í fi í gbé ìyáàlù kọ́ èjìká? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi Yorùbá jiyàn lé e lórí.

Àwọn òbí kan kò fẹ́ gbọ́ orúkọ bàtá nítorí Ṣàngó àti egúngún. A gbà pé kí a bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbà pé kí a yọ bàtá kúrò nínú ìwé. Ẹ̀yin olùdánwò ẹ tún mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka orúkọ ìlù mẹ́wàá láìfọwọ́ kan ọ̀kan rí kì í ṣọ̀wọ́n.

A mú ìwé kan lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Lálúpọn, ìwé tí àwòrán rẹ̀ wù wá. Ọmọ àyàn kan nínú kíláàsì béèrè pé ọwọ́ wo ni bàbá inú àwòrán náà fi ń fún ọsán, nígbà tí ó di ọ̀pá ìlù mú ní ọwọ́ méjèèjì. A pa ìwé náà dé, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ pe bàbá rẹ̀ wá.