Tom Kitwood àti Ẹni Tí Iyè Rẹ̀ Ti Rà
Tom Kitwood, onímọ̀ nípa ìrònú òun ìwà ní Yunifásítì Bradford, gbà pé ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà ṣì jẹ́ ènìyàn. Kò fi í ṣe ìwàásù lásán: nínú ìlànà tí òun àti Kathleen Bredin gbé kalẹ̀, olùṣàkíyèsí á jókòó ti àwọn aláìsàn, á máa kọ ìṣe wọn àti bí inú wọn ṣe rí sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 5. Ẹnìkan lè sọ pé ọpọlọ tó ń kú kò mọ ìkẹ́. Òótọ́ ni pé ìkẹ́ kì í wo àrùn yìí sàn (oògùn náà kò tíì rí i ṣe); ṣùgbọ́n ìpatì àti ẹ̀gàn a máa dá kún un, ìyẹn sì wà níkàáwọ́ wa. Kitwood kú ní 1998. Ìlànà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.