Tíọ́rì Lítíréṣọ̀ àti Ìtàn Gọ́tíìkì Òde-Òní: Àgbéyẹ̀wò The Icarus Girl

Ìfáàrà

Ohun tí ó gbé wa dé ìdí iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè kan tí àwọn tí ń kàwé fún ìgbádùn máa ń bi àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ pé: "Ìtàn náà yé mi, ó sì bà mí lẹ́rù, kí ni mo tún fẹ́ fi tíọ́rì ṣe?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òpè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti fi tíọ́rì ṣe ògiri láàárín òǹkàwé àti ìwé, tí a ń to orúkọ àwọn onímọ̀ jọ bí ẹni ń to igi ìdáná, tí iná kò sì ràn. Èrò tiwa ni pé tíọ́rì wúlò fún tọmọdé tàgbà tí ń kàwé, bí a bá lò ó gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè tí a ń bi ìwé, tí a kò sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìwé.

Ìwé tí a yàn láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni The Icarus Girl, ìtàn àròsọ tí Helen Oyeyemi tẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni a ti bí òǹkọ̀wé yìí ní 1984, Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì dàgbà sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa ìbejì ni òpó tí ó gbé e ró. Tíọ́rì méjì ni a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò: ti Tzvetan Todorov àti ti Sigmund Freud.

Ìtàn Gọ́tíìkì àti ìtàn Jess

Horace Walpole ni àwọn lámèyítọ́ máa ń kà sí baba irú ìtàn yìí. Ó tẹ The Castle of Otranto jáde ní 1764. Ní ẹ̀dà kejì, ní 1765, ni ó pè é ní ìtàn Gọ́tíìkì. Ààfin àtijọ́, àṣírí ìdílé àti òkú tí kò sùn ni ohun èlò rẹ̀. Lóde òní, ààfin ti di ilé lásán, àní kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá pàápàá tó. Ohun tí kò yí padà ni pé ohun tí ó ti kọjá kò kọjá tán. Gbèsè àwọn òbí a máa wá bá ọmọ.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni a ti kọ́kọ́ pàdé Jess, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ó sá pamọ́ síbẹ̀. Òyìnbó ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ sí Ìbàdàn, sí ilé bàbá ìyá rẹ̀, ó bá ọmọbìnrin kan pàdé ní ilé ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Títíọlá ni ọmọ náà pe ara rẹ̀. Ahọ́n Jess kò gbé orúkọ náà, ó sì sọ ọ́ di TillyTilly. Ọmọ yìí tẹ̀ lé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Eré di ìjà, ìjà sì di jàǹbá. Òun náà ni ó tú àṣírí pé ìbejì ni Jess, pé èkejì rẹ̀, Fern, kú nígbà ìbí, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì sọ fún un.

Ìṣiyèméjì òǹkàwé

Nínú ìwé tí Todorov kọ ní 1970, ó ní bí ohun tí ó tako òfin ayé tí a mọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn, òǹkàwé a máa ṣiyèméjì: ṣé ojú ni ó tan ni jẹ ni, tàbí ayé ni kò rí bí a ti rò? Bí ìtàn bá ṣe àlàyé tán, iyèméjì parí. Bí ìtàn bá sì gba ohun ìyanu bí òfin, iyèméjì kò sí níbẹ̀; irú èyí ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà (1938), níbi tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá iwin wà. Àárín méjèèjì ni ìtàn tí Todorov ń sọ wà.

Bí a bá fi ìbéèrè yìí bi The Icarus Girl, ó dáhùn dé ìwọ̀n kan. Onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tí àwọn òbí Jess mú un lọ bá ń wá ìdí ọ̀rọ̀ nínú ọkàn ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni òǹkàwé Yorùbá máa ń béèrè? Bí ó bá ti gbọ́ pé ọ̀kan nínú ìbejì kú, ìbéèrè rẹ̀ ni pé: "Ṣé wọ́n gbẹ́ ère fún un?" Yóò tún padà wo orúkọ. Wúràọlá ni orúkọ Yorùbá tí Jess ń jẹ́. Kì í ṣe Táyéwò, kì í ṣe Kẹ́hìndé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ yìí bo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mọ́lẹ̀. Nítorí náà, iyèméjì irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe lórí bóyá TillyTilly wà. Ohun tí ó ń rò ni bóyá ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni ó dé, tàbí àjèjì kan ni ó gba ẹnu ọ̀nà tí gbèsè náà ṣí sílẹ̀. Ìwé náà kò sì sọ èyí dájú.

Ǹjẹ́ èyí sọ tíọ́rì Todorov di asán? Rárá o. Todorov ṣàlàyé pé òǹkàwé tí òun ń sọ kì í ṣe ènìyàn kan pàtó, bí kò ṣe òǹkàwé tí ìwé fúnra rẹ̀ fi ọgbọ́n gbé kalẹ̀. Méjì ni ìwé yìí gbé kalẹ̀. Tíọ́rì náà sì tọ́ àwa náà sọ́nà, nítorí pé ó rọrùn fún wa láti sọ pé, "Ọ̀rọ̀ ìbejì ni, ó tán," kí a sì pa ìwé dé. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti gbàgbé Jess, tí kò mọ òfin ayé tí òun wà lábẹ́ rẹ̀. Iyèméjì tí Todorov ń fi ṣeré ọgbọ́n ni àìsàn tí ń ṣe ọmọ náà.

Èkejì ẹni

Nínú àròkọ tí Freud kọ ní 1919, ó ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ Jámánì kan tí ó jẹ mọ́ ilé a máa yí padà di òdì ara rẹ̀: ohun tí ó súnmọ́ wa jù, tí a fi pamọ́, ni ó ń dẹ́rù bà wá nígbà tí ó bá yọjú. Ó tún sọ pé èkejì ẹni, tí àwọn ará àtijọ́ fi ṣe ààbò lọ́wọ́ ikú, padà di ẹni tí ń kéde ikú.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ère ìbejì. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan bá kú, a ó gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa wọ̀ ọ́ láṣọ, a sì máa bọ́ ọ, kí ọkàn òkú lè balẹ̀, kí alààyè sì lè dúró. Ààbò ni. Lójú Freud, èkejì ẹni di abanilẹ́rù nítorí pé ọmọ aráyé ti dàgbà kọjá ìgbàgbọ́ náà. Nínú ìwé Oyeyemi, ó di abanilẹ́rù nítorí pé a kò ṣe ojúṣe tí ó yẹ. Ní ìgbẹ̀yìn, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ní Nàìjíríà, bàbá àgbà mú kí a gbé ère dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Jess nílé ìwòsàn. Bóyá ó bọ́ sí àkókò tàbí ó ti pẹ́ jù, a kò rí ìdáhùn kan ṣoṣo.

Àléébù kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí. Ìyá Jess sọ pé ayé mẹ́ta ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé: ayé yìí, ayé ẹ̀mí àti Igbó. Ayé àti ọ̀run ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Igbó yìí jọ ti inú ìwé Fágúnwà àti Tutùọlá ju ti ìṣe ìbejì lọ. Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti po wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe fi kọ́ni gẹ́gẹ́ bí àṣà.

Ìkádìí

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a jẹ́ kí òǹkàwé ka ìtàn tán ná. Kí a bi í léèrè ibi tí ẹ̀rù ti bà á, òfin tí ó rò pé ó fọ́ níbẹ̀, àti ẹni tí ó ni òfin náà. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó dárúkọ Todorov tàbí Freud. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n onílé náà a máa fo ohun tí ó ti mọ́ ọn lójú dá. A rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kí wọ́n dán ọ̀nà yìí wò lórí àwọn ìtàn abanilẹ́rù tí a fi èdè Yorùbá kọ, kí a lè mọ ibi tí ó ti dúró àti ibi tí ó ti mẹ́hẹ.