Ihò Méjì, Ohùn Mẹ́ta: Fèrè Oníkùn àti Ẹ̀ka-Èdè Òkun

Àwọn onímọ̀ tí ó kọ̀wé lórí ohun èlò orin Yorùbá ti fún ìlù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá ní 1959. Ìwé ńlá Akin Euba lórí dùndún jáde ní 1990. Ohun èlò tí à ń fọn kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn, fèrè tí a fi amọ̀ tàbí èso gbígbẹ ṣe, ni a sábà máa ń kà sí nǹkan ìṣeré ọmọdé. Ète iṣẹ́ yìí ni láti tako èrò náà. Lójú tiwa, ohun tí ó yẹ kí a fi dá irú fèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ ni bóyá ó lè sọ̀rọ̀.

Fèrè oníkùn ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ‘fèrè’ nìkan kò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára fèrè gígùn. Èyí tí ayé mọ̀ sí òkárínà ni Giuseppe Donati ṣe ní ìlú Budrio, ní ilẹ̀ Ítálì, ní 1853, ṣùgbọ́n àwọn Maya ti fi amọ̀ mọ irú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn ọmọkùnrin Venda tí ń da ẹran a máa lu ihò mẹ́ta sí èso gbígbẹ, ọ̀kan fún ẹnu, méjì fún ìka. Percival Kirby ṣàpèjúwe ohun èlò wọn ní 1934. Ní 1959, John Blacking yẹ orin rẹ̀ wò bí orin tí ó ní òfin tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni ó ń fọn ọ́n. Hornbostel àti Sachs ti pín in sí abẹ́ fèrè ní 1914, wọ́n wo bí èémí ṣe ń wọ inú rẹ̀ àti bí ó ṣe rí. Ìpín náà wúlò fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Kò sọ ohunkóhun nípa etí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú fèrè gígùn, ibi tí ihò wà ni ó ń pinnu ìró. Nínú fèrè oníkùn, ibi tí a lu ihò sí kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Bí ikùn náà ti tóbi tó àti bí àpapọ̀ àwọn ihò tí ó ṣí ti fẹ̀ tó ni ó ṣe kókó. Bí ihò méjì bá dọ́gba, ìró mẹ́ta péré ni a ó rí: a dí méjèèjì, a ṣí ọ̀kan (èyíkéyìí), a ṣí méjèèjì. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè! Ẹni tí ó bá fọn ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ lórí rẹ̀ kò ní nílò ihò kẹta. Àmọ́ ìṣísẹ̀ kejì a máa kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ bí àwọn ihò bá dọ́gba. Oníṣẹ́ tí etí rẹ̀ bá gbọ́n yóò mú kí ihò tí a ń ṣí kẹ́yìn fẹ̀ díẹ̀ sí i.

A lè sọ pé dùndún ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ń yọ́ láti ohùn kan sí èkejì, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú ìwé àti rárà. Òtítọ́ ni. Kàkàkí kò lè ṣe é dáadáa, nítorí pé ìró rẹ̀ a máa fò láti orí àkàbà kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fọn fèrè oníkùn lè fa ìka rẹ̀ kúrò lórí ihò díẹ̀díẹ̀, ìró náà yóò sì yọ́ gòkè. Àbùkù kan tí a máa ń kà sí i lọ́rùn ni pé bí èémí bá le, ìró a ga. Bí ó bá rọ̀, ìró a rọlẹ̀. Ní ti orin, àbùkù ni. Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohùn ènìyàn pàápàá a máa rọlẹ̀ bí gbólóhùn ti ń lọ sópin.

Amọ̀ tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ó ń sún kì nígbà tí ó bá ń gbẹ àti nígbà tí a bá sun ún. Bí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìró rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ga sí i. Síbẹ̀ àlàfo tí ó wà láàrin ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí padà, nítorí pé ikùn àti ihò jọ sún kì ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohùn Yorùbá rí: ohùn òkè bàbá àgbà lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé, kò sì sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́.

Kí ni ó kàn wá pẹ̀lú Kabba nínú èyí? Iṣẹ́ Adétugbó ti 1967 lórí àwọn ẹ̀ka-èdè mọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bí àkọlé rẹ̀ ti wí. Nígbà ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn, Àríwá ni a ka Ówé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwòrò mọ́. Ààlà ìṣèlú ni ó yọ wọ́n sílẹ̀, kì í ṣe èdè. Akinkugbe ni ó fún ìhà àríwá ìlà-oòrùn Yorùbá ní àyè tirẹ̀ ní 1978. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán fèrè oníkùn wò pẹ̀lú Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan yóò tún ààlà kan náà fà. Kí a mọ fèrè oníhò méjì kan, kí a fọn gbólóhùn Ówé lórí rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní Kabba láìsọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, kí a sì kọ ohun tí wọ́n bá wí pé àwọn gbọ́ sílẹ̀. Kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìyàgbà lọ́tọ̀, pẹ̀lú gbólóhùn tiwọn.